Aago Kámẹ́rà Ilé Ìyá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi níbí, ẹ fún mi láyè lónìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bí èyí tí mo máa ń kọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì pa á rẹ́. Lónìí, mi ò ní pa á rẹ́.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kámẹ́rà ni mò ń ṣe, kámẹ́rà tí wọ́n ń gbé kọ́ ara ilé nítorí olè. Mi ò kàwé púpọ̀, JSS3 ni mo ti dúró. Wáyà iná ni mo kọ́kọ́ kọ́ kí n tó lọ kọ́ kámẹ́rà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Ìgbẹ̀ìn. Ibẹ̀ náà ni mo gba yàrá kan sí.

Bùrọ̀dá mi Kàsálì ni ọ̀mọ̀wé ilé wa. Ọ́fíìsì ló ń lọ l'Ékòó, Mòwé ló ń gbé, òkùnkùn ló fi ń jáde, òkùnkùn ló fi ń wọlé. Láti kékeré ló ti ń pè mí ní olódo. Àwàdà ni, ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́, àwàdà tí èèyàn fi ń bá ọ ṣeré fún ogún ọdún, ṣé àwàdà ṣì ni?

Màmá wa nìkan ló ń gbé inú ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Kẹ́mta. Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀, kí orúnkún tó ní ó tó. Mo ní òun nìkan ló ń gbé ibẹ̀, ṣùgbọ́n irọ́ ni, torí Ìyá Rámọ́tà wà.

Ilé Ìyá Rámọ́tà ló wà lẹ́yìn ilé wa gan-an. Sálúbàtà, tẹ̀sùbáà àti búúta àlùwàlá ló ń tà níwájú ilé ẹ̀. Òun ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, torí ara ìyá mi kò yá nígbà yẹn. Ní gbogbo àárọ̀, bí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán, yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Kì í kan ilẹ̀kùn. Àwa náà kì í ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọn. Yóò ní, “Ìyá Kàsálì, ṣé oorun ti dá yín sílẹ̀?” Màmá á ní, “Ó ti dá mi sílẹ̀, ẹ̀yin ló ń wá kiri báyìí.” Ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, wọn á sì tún rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ohun kan tún wà nípa Ìyá Rámọ́tà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń fi nǹkan sí. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, òun lẹ máa fún ní kọ́kọ́rọ́. Ìṣó ló kàn mọ́ ara ògiri pálọ̀ ẹ̀ tó ń fi wọ́n kọ́, mo sì ti ka kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlá níbẹ̀ rí. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹgbẹ́ àsàláátù ń kó ẹrù wọn sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá di ìgbà kan, olè fo fẹ́ǹsì ilé kan ládùúgbò. Bùrọ̀dá mi ní ọkàn òun ò balẹ̀ mọ́ nítorí Màmá. Ó ra kámẹ́rà méjì àti ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀, ó ní kí n wá gbé e kọ́, kí òun lè máa wo ilé láti Èkó. Mo gbé ọ̀kan sí iwájú, ó dojú kọ títì. Mo gbé èkejì sí ẹ̀yìn, ó rí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa, ó sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà Ìyá Rámọ́tà.

Màmá ò fẹ́ ẹ. Ó wò ó títí, ó ní, “Ojú tí kì í ṣẹ́ yìí, mélòó nínú yín ló ń wò mí nínú ẹ̀?”

Èyí tó wà lára ògiri kì í ṣe wàhálà. Wíwò ó láti ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́. Mo ra ráútà íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń lo síìmù, mo fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ náà, mo fi fóònù ya kóòdù tó wà lábẹ́ ẹ̀, mo fún un ní pásíwọ́ọ̀dù. Ó kọ̀. Mo tún un ṣe, ó tún kọ̀. Ó fẹ́ẹ̀ tó wákàtí mẹ́ta kí àwòrán tó jáde. Mo pe bùrọ̀dá mi ní ọ́fíìsì, mo ní kó ṣí áàpù náà. Ó ní òun ti ń rí i. Ó ní òun ń rí Màmá tó ń gbálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mùtíù, o ṣe é o. O gbìyànjú gidi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Àfi bí ẹni pé wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo rí aago tó wà ní igun àwòrán. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, ṣùgbọ́n ohun tí kámẹ́rà kọ síbẹ̀ ni aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀. Ó ní bí ẹ̀rọ yìí bá ti fojú kan íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí, aago ìlú tí wọ́n ti ṣe é ló máa lọ mú wá, wákàtí méje ló sì fi ṣíwájú tiwa. Ó ní kí n má ṣe kúrò nílé oníbàárà láì tún un ṣe.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo rí i. Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá mi ṣì ń yìn mí lórí fóònù, mi ò fẹ́ kó gbọ́ pé ó ku ibì kan. Mo ní màá tún un ṣe bí mo bá padà wá. Mo padà wá ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mi ò tún un ṣe.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Mẹ́kà là fún Màmá. Ọjọ́rú ni wọ́n ní kí wọ́n péjọ sí àgọ́ àwọn àlàájì. Àwọn obìnrin àsàláátù ti lé làálì sí i lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀ bí ọmọge. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo jáde lọ wá ọkọ̀ tó máa gbé e. Ọ̀sán gangan la kúrò nílé. Ìyá Rámọ́tà sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, Màmá ní kó má fi ẹkún sin òun, òun ń bọ̀. Èmi ni mo ti ilé pa, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́.

Ní Sátidé, bùrọ̀dá mi gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó lọ wo ilé. Kò pẹ́ tó fi pè mí. Ó ní àpótí onírin kékeré tó máa ń wà lábẹ́ ibùsùn Màmá ò sí níbẹ̀ mọ́. A mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ dáadáa. Góòlù Màmá ni, àti ìwé ilé. A tú yàrá, a ò rí i. Kò sẹ́ni tó já ilẹ̀kùn.

Bùrọ̀dá mi ní iṣẹ́ ti dé fún kámẹ́rà. Ó ní olè kankan ò ní gba iwájú níbi tí gbogbo ayé jókòó sí, kí n yẹ ẹ̀yìn wò, láti ọ̀sán Ọjọ́rú tí Màmá ti lọ. Mo ṣí i lórí fóònù mi. Mò ń fi ìka fà á lọ. Ọjọ́rú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀, Ìyá Rámọ́tà jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wa. Ó gbé nǹkan sábẹ́ ìborùn. Igi gọ́bà ẹ̀yìnkùlé wa ló fa ìborùn náà sẹ́yìn, àpótí náà sì hàn kedere.

Bùrọ̀dá mi lu orúnkún ara ẹ̀, ó ní, “A ti mú un.” Ó ní kí n fi fídíò náà pamọ́ sórí fóònù mi. Mo fi í pamọ́.

A ti rí ohun tí à ń wá, kò sẹ́ni tó wo ohun mìíràn mọ́. Ká ní mo ṣí kámẹ́rà iwájú péré ni, ǹ bá rí Màmá tó ń wọ ọkọ̀ lọ Mẹ́kà ní aago méje ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ tó jẹ́ pé ọ̀sán gangan ni mo fọwọ́ ara mi gbé e jáde.

A gba ilé Ìyá Rámọ́tà lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ń ta sálúbàtà fún obìnrin méjì. Ó rí wa, ó ní, “Ọkọ mi ni wọ́n ń bọ̀ yìí,” bó ṣe máa ń kí mi. Bùrọ̀dá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó nà án sí i lójú, níwájú àwọn oníbàárà ẹ̀, ó ní kó wo ara ẹ̀.

Ìyá Rámọ́tà wò ó. Ó rọra jókòó. Bùrọ̀dá mi bi í pé kí ló wá ṣe nínú ilé tí wọ́n ti tì pa, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ó ní, “Aago mẹ́rin kẹ̀? Kàsálì, mọ́sáláásí ni mo wà ní aago mẹ́rin. Ìrun Alásárì là ń kí.”

Bùrọ̀dá mi ní mọ́sáláásí ò ní kámẹ́rà, ilé tiwa ló ní in, ẹ̀rọ kì í sì í purọ́ bí èèyàn.

Ẹ wò ó, ibi tí mo fẹ́ sọ yìí gan-an ló jẹ́ kí n máa pa ọ̀rọ̀ yìí rẹ́. Bó ṣe ní mọ́sáláásí ni òun wà, nǹkan kan ṣí láyà mi. Mo rántí aago. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní mọ́kànlá àárọ̀, mo rántí ẹ̀ kedere, bí ẹni pé ọ̀gá mi dúró tì mí. Mo lanu. Mo wo ojú bùrọ̀dá mi. Mo rí i pé bí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, olódo ni màá tún padà dà, níwájú àwọn obìnrin méjì yẹn.

Mo pa ẹnu mi dé.

Mo ní lọ́kàn mi pé bóyá aago náà ti tún ara ẹ̀ ṣe. Mo ní bóyá. Bóyá lásán ni mo fi ta ẹni tó wẹ̀ mí.

Ìyá Rámọ́tà ò jiyàn mọ́. Ohun tó sọ kẹ́yìn ni pé, “Ohun tó wà láàárín èmi àti ìyá yín, ẹ jẹ́ kí ìyá yín dé.” Ó wò mí nígbà tó sọ ọ́. Èmi ló wò, kì í ṣe bùrọ̀dá mi.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí a ò pe Màmá ní Mẹ́kà. Fóònù ẹ̀ ń lọ. Ní gbogbo Jímọ̀ ló ń pè wá. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀yin náà á sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó wà níwájú Ọlọ́run? Bùrọ̀dá mi ní a kì í fi ìròyìn burúkú ránṣẹ́ bá arìnrìn àjò, kí ọkàn ẹ̀ má bàa dàrú kí Hájì ẹ̀ sì bàjẹ́. Mo gbà pé òótọ́ ni. Ó sì tún rọ̀ mí lọ́rùn. Bí Màmá bá ti kí wa tán, á ní, “Ẹ bá mi kí Ìyá Rámọ́tà o.” A máa ń ní, “Wọ́n gbọ́ o, Màmá.”

Láàárín ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí Kẹ́mta po. Kò sẹ́ni tó bú Ìyá Rámọ́tà. Ì bá sàn kí wọ́n bú u. Ṣe ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹni kan á ní ọmọ òun ń bọ̀ láti ìlú òkèèrè. Ẹlòmíì á ní òun fẹ́ pààrọ̀ ágádágodo. Lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn àsàláátù ló wá kẹ́yìn. Mo kọjá níwájú ilé ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀kùn pálọ̀ ṣí sílẹ̀, mo wo ara ògiri. Ìṣó nìkan ló kù níbẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Rámọ́tà, ọmọ ẹ̀ obìnrin, fi wá kó o lọ sí Kọ́bapẹ́ níbi tí ọkọ ẹ̀ ti ń dáko. Wọ́n kó ọjà orí tábìlì, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ń wò ó lórí fóònù. Àpò méjì ló gbé. Kò wo ẹ̀yìnkùlé wa.

Ṣé mo lọ yẹ aago náà wò lẹ́yìn ìyẹn? Rárá. Mo máa ń fi àtàǹpàkò bo igun àwòrán bí mo bá ṣí i. Ẹ̀rù ohun tí màá rí ló ń bà mí.

Màmá dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀. Ilé kún. Ó pín dàbínù, ó pín omi sámúsámù. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, “Ìyá Rámọ́tà dà?” Ó tún bi wá. Bùrọ̀dá mi ní kí àwọn àlejò fún wa láyè, ó mú Màmá wọ yàrá, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó rọra ṣàlàyé pé kó má bínú, ẹni tó fọkàn tán ni kò ṣe é re. Ó ní kí n fi fídíò hàn án.

Mo fi hàn án. Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. Ìyá Rámọ́tà jáde, igi gọ́bà fa ìborùn, àpótí hàn, ó rìn lọ. Mo na ọwọ́ pé kí n gbà á, torí ibẹ̀ ni èmi máa ń pa á sí. Màmá ò fún mi. Ó ní kí n jẹ́ kó parí.

Ó ku bí ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mi ò wò rí. Nínú ẹ̀, ọwọ́ kan tí làálì wà lára ẹ̀ jáde láti inú ilé wa, ó fa ilẹ̀kùn náà mọ́ra, ó tì í.

Màmá ní, “Ta ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn?”

Èmi àti bùrọ̀dá mi tún tẹjú mọ́ fóònù.

Ó na ọwọ́ ẹ̀ sí wa. Làálì ṣì wà ní orí èékánná, ó ti ń lọ. Ó ní, “Ọwọ́ mi nìyẹn, Kàsálì. Èmi ni mo gbé e fún un.”

Òun ló ní kí Ìyá Rámọ́tà bá òun tọ́jú àpótí náà. Ó ní ọ̀nà jìn, ó sì lè jẹ́ pé òun ò ní padà. Ó ti sọ fún un ẹni tó máa fún ní èyí àti ẹni tó máa fún ní tọ̀hún, kí àwa ọmọ má baà jà. Ó sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì wà láàyè. Ẹ̀jẹ́ ni obìnrin náà jẹ́. Ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn. Ó jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó wà lára ògiri ẹ̀ dípò kó ba ẹ̀jẹ́ kan jẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ yàrá yẹn. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo ṣí áàpù, mo fi hàn wọ́n: aago mẹ́wàá àárọ̀ la wà, kámẹ́rà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tí a fi pe obìnrin náà lólè, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Bùrọ̀dá mi ò pè mí ní olódo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ bojú.

Màmá bi mí nǹkan kan ṣoṣo. Ó ní, “Mùtíù, nígbà tó ń sọ pé mọ́sáláásí ni òun wà, o mọ̀?”

Mo ní, “Mo mọ̀, Màmá.”

Kò lù mí. Ká ní ó lù mí ni.

Ọjọ́ yẹn náà la lọ sí Kọ́bapẹ́. Ìyá Rámọ́tà ń ṣa ẹ̀gúsí níwájú ilé. Ó ti rù. Ó rí Màmá, ó dìde, ó ní, “Àlàájà, ẹ kú àbọ̀. Ọlọ́run á gbà á ní Hájì.” Ó wọlé kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó gbé àpótí náà jáde. Okùn tí Màmá fi dì í ṣì wà lára ẹ̀, kókó ò yẹ̀. Ó ní kí Màmá ṣí i, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò níwájú wa. Màmá ní òun ò ní yẹ nǹkan kan wò. Ìyá Rámọ́tà ní, “Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò o, Ìyá Kàsálì. Ojú àwọn ọmọ yín ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò.” Màmá ń ṣí i, omijé ń kán sórí góòlù.

Èmi àti bùrọ̀dá mi wà lórí iyẹ̀pẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní òun ti foríjì wá, òun ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé wa ṣépè. Ó fọwọ́ kan orí mi gan-an. Màmá ní ó yá, kó dìde, kí wọ́n jọ máa lọ sílé.

Ó mi orí. Ó ní, “Ọkàn mi ti foríjì wọ́n. Ẹsẹ̀ mi ni kò ní lè gbé mi gba ẹnu ọ̀nà yẹn mọ́.”

Bùrọ̀dá mi lọ kéde ní mọ́sáláásí pé àwa la ṣẹ̀. Àwọn àsàláátù gbé kọ́kọ́rọ́ wọn lọ sí Kọ́bapẹ́, wọ́n tún gbé e padà, kò gbà á. Mo ti tún aago ṣe. Ìṣẹ́jú kan péré ló gbà mí, ẹ gbọ́ mi? Ìṣẹ́jú kan.

Mo lọ bá Màmá pé kí n wá tú kámẹ́rà náà kúrò, torí mo mọ̀ pé kò fẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní kí n fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀. Ó ní bó bá lọ jẹ́ pé Ìyá Rámọ́tà yà wá lọ́jọ́ tí òun ò sí nílé, òun fẹ́ mọ̀.

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe kúrò nílé ẹnikẹ́ni láì yẹ aago wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tèmi kọjá aago. Ẹ̀rọ lè ṣì í, a lè tún un ṣe. Ẹnu tí èèyàn pa dé nígbà tó yẹ kó là á, kí lẹ máa fi tún ìyẹn ṣe? Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú yín rí, bí ẹ bá mọ bí èèyàn ṣe ń mú ẹsẹ̀ ẹni tó ti foríjini padà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá ka gbogbo ẹ̀.

Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán báyìí. Bó ṣe ń pè láràárọ̀ nìyẹn lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ó ní, “Mùtíù, bá mi wo fóònù ẹ. Ṣé ẹnikẹ́ni wá sẹ́yìn?”

Mo wò ó. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí sílẹ̀ díẹ̀, bó ṣe máa ń fi í sílẹ̀. Igi gọ́bà ń mì. Mo ní, “Kò tíì sí o, Màmá.”